Mumtaz Efendi àti Ọba Oníràwọ̀ Mẹ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè ga láìgun àkàbà, ẹ ka bọ́tìnnì ara kóòtù Mumtaz Efendi. Mẹ́jọ ni wọ́n. Bàbà ni ìjọba fi ṣe wọ́n, wọ́n ń dán bí ojú ológbò, òṣùpá kékeré kan àti ìràwọ̀ mẹ́ta sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó wọ kóòtù ìjọba láyé ọba ló ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Mumtaz Efendi nìkan ni kò fọwọ́ ara rẹ̀ kan bọ́tìnnì rí. Hilmi akọ̀wé rẹ̀ ló ń dè é fún un láràárọ̀. Ọ̀gá á dúró, á gbójú sókè wo àjà, á na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, Hilmi á sì máa dè é láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bọ́tìnnì kan, oríkì kan.

"Ojú tó ń ṣọ́ àwọn Fáráò!" Bọ́tìnnì kìíní.

"Ọgbọ́n tó dá odò Náílì dúró!" Bọ́tìnnì kejì.

Kí ó tó dé ọrùn, ọ̀gá á ti wú débi pé bọ́tìnnì tó kẹ́yìn kì í fẹ́ wọlé mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn: Efendi tí wọ́n ń pè é. Kí ni Efendi já mọ́? Ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Efendi ni. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú rélùwéè, Efendi ni. Bey ló fẹ́ jẹ́, Bey tí ọba fúnra rẹ̀ ń fi ìwé oyè ránṣẹ́ sí. Ọba kò tíì ránṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ ọba má baà dá a dúró, Mumtaz Efendi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oyè náà sílẹ̀ de ìwé. Ó pàṣẹ fún gbogbo ará Nag Sawaqi, abúlé tó kọjú sí Luxor ní òdìkejì odò, pé ẹni tó bá pe òun ní Efendi yóò fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ ilẹ̀ fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ni kò pè é ní Bey. Wọ́n kàn máa ń kígbe bí ó bá ń kọjá. Hilmi ní ìkíni ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ àwọn ibojì àtijọ́ tó wà nínú òkè lẹ́yìn abúlé, kí ẹnikẹ́ni má baà jí nǹkan inú wọn. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun àtijọ́ kankan tí ẹlòmíràn kò tíì rí. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó abúlé ní àfi ìyá ìyàwó rẹ̀ nìkan.

Nínú abúlé yìí náà ni Dardir ń gbé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìka rẹ̀ sì búlúù títí dé èékánná. Ońdè ló ń ṣe, irú èyí tí àwọn ará ìgbàanì ń so mọ́ òkú wọn lọ́rùn: ojú, ọ̀pọ̀lọ́, àti ní pàtàkì, yímíyímí, kòkòrò tó ń yí ìgbẹ́ kiri, tí àwọn Fáráò, pẹ̀lú gbogbo wúrà wọn, fi ṣe ohun iyì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ óò rí i pé ẹni tó bá mọ ìgbẹ́ yí ní í pẹ́ lórí oyè.

Dardir á lọ òkúta funfun títí á fi kúnná bí ìyẹ̀fun, á pò ó mọ́ iyọ̀ ilẹ̀ àti ìyẹ̀fun bàbà, á tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀ tó ti gbẹ́ àwòrán sí, á sá a. Bí ó bá ti ń gbẹ, iyọ̀ á máa yọ sójú rẹ̀ bí òógùn. Bí ó bá wọ inú iná, òógùn yẹn á yọ́ di awọ dígí, búlúù bí ojú ọ̀run kí eruku tó dìde. Àléébù ibẹ̀ ni pé ó ń dán jù. Àwọn òyìnbó tó ń wá kò fẹ́ ohun tó ń dán. Ohun tó ti rẹ̀, tó ti họ, tó dà bí ẹni tó jí lójú oorun ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta, ni wọ́n ń fẹ́.

Bàbá bàbá Dardir ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Ní àgbègbè wa, àwọn obìnrin ló ń fọwọ́ bọ́ ẹyẹ kó lè sanra: wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á ya ẹnu ẹyẹ, wọ́n á fi àtàǹpàkò ti ẹ̀wà náà wọ ọ̀fun rẹ̀. Nabawiyya, ìyàwó Dardir, máa ń fi yímíyímí kan sáàárín ẹ̀wà mẹ́wàá. Iwe tòlótòló, tó ń lọ òkúta wẹ́wẹ́, á lọ dídán náà kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yímíyímí á gba ọ̀nà kejì jáde. Wọ́n á fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà bí ẹ bá rí i, ẹ óò dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí òyìnbó bá bi Dardir pé, "Ṣé ti àtijọ́ ni?" á ní, "Ọlọ́run ló mọ̀." Òótọ́ sì ni, Ọlọ́run mọ̀.

Àṣírí ilé ni. Ratiba ọmọ wọn pàápàá kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Nínú gbogbo tòlótòló ilé náà, kò sí èyí tó mọ iṣẹ́ tó akọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sultan, tí àyà rẹ̀ yọ síwájú bí ẹni tó ń retí oyè.

Ní oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, Mumtaz Efendi ya àgbàlá Dardir láti bá a wí pé àgùntàn rẹ̀ kò yà lọ́nà fún òun. Ibi tó ti ń fa èémí sínú kí ó lè kígbe dáadáa ni bọ́tìnnì kan ti já ní àyà rẹ̀, tó fò lọ. Kò mọ̀. Ta ní ń wo àyà ara rẹ̀? Hilmi rí i ní ọjọ́ kejì, ó rán bọ́tìnnì dúdú kan dípò rẹ̀, ó sì dá oríkì tirẹ̀ náà sílẹ̀. Dardir rí ti bàbà nínú iyanrìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wò ó. Òṣùpá yẹn àti ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn wọ̀ ọ́ lójú. Abẹ́ yímíyímí ní láti ní àmì, ẹyẹ àti ejò tó ti ń tẹ̀ síbẹ̀ láti kékeré sì ti sú u. Ló bá tẹ bọ́tìnnì mọ́ amọ̀ tútù, ó ṣe yímíyímí mẹ́tàlá. Kí ó tó gbé bọ́tìnnì dìde nílẹ̀, Sultan ti mú un, ó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnnì wọlé, kò jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Mumtaz Efendi ń kọjá lọ pẹ̀lú Hilmi àti ọlọ́dẹ ìjọba. Ó gba orí ògiri kúkúrú wo inú àgbàlá, ó rí yímíyímí mẹ́wàá lórí atẹ níbi tí wọ́n sá wọn sí lẹ́yìn ìwẹ̀. Ó wọlé. Ó mú ọ̀kan. Ó yí i padà. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Hilmi! Ṣí ìwé! Kọ ọ́ sílẹ̀! Ní ọjọ́ òní, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá..."

"Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mélòó kan, Bey."

"Wo aago rẹ dáadáa, ìtàn kò mọ 'mélòó kan'! Ojú èmi Mumtaz rí ohun tí ojú ọ̀mọ̀wé kankan kò rí. Ọba tuntun! Ọba tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó jẹ rí! Wo àmì rẹ̀: òṣùpá kan, ìràwọ̀ mẹ́ta. Ọba Oníràwọ̀ Mẹ́ta!"

"Ọba náà á ti máa retí yín látọjọ́ yìí, Bey."

"Ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta, Hilmi. Ó sì ní sùúrù."

Dardir nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Bey, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é."

Mumtaz Efendi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìgbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ní òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí.

"Ìwọ? Wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ká sábẹ́. Wo ìlà tó pín ìyẹ́ rẹ̀ sí méjì, ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ tó ṣe èyí kì í gbọ̀n, ọwọ́ tó ní sùúrù ni, ọwọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ alààyè kankan kò lè ṣe èyí láyé!"

Ohun kan móoru nínú Dardir. Ọdún márùndínlógójì ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn òyìnbó ń sanwó, wọ́n ń lọ. Nabawiyya máa ń ní, "Ó dára, wá jẹun." Ẹnikẹ́ni kò wo ìlà ìyẹ́ yẹn rí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé e pé ẹni tó ń yìn ín yìí ń yìn ín lọ sẹ́wọ̀n ni.

"Níbo lo ti hú u?" ni Mumtaz Efendi bi í. "Ibojì wo lo fọ́? Ẹni tó bá jí ohun Fáráò, ọdún mẹ́wàá ni yóò fi fọ́ òkúta fún ìjọba, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bey. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é."

"Ọlọ́dẹ! Mú un."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dardir bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ọ̀kan níṣojú gbogbo ayé. Ó ní àwọn kan tó ti gbẹ nílé, iná ló kù. Mumtaz Efendi gbà. Ó ní òun fẹ́ kí abúlé rí bí irọ́ ṣe ń jóná. Wọ́n dáná sínú ààrò níwájú ọ́fíìsì, gbogbo abúlé jókòó yí i ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dardir tú eérú, ó mú yímíyímí kan jáde. Inú òun fúnra rẹ̀ dùn. Yímíyímí náà ń kọ mọ̀nà.

Mumtaz Efendi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà pupa rẹ̀ fi yẹ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará! Èyí ń dán bí abọ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Èyí ti gbó bí Ádámù. Dardir, bí ó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe méjèèjì, kí ló dé tí tàná kò gbó?"

Dardir la ẹnu. Ó rántí bàbá bàbá rẹ̀ tó di ẹnu tòlótòló mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Bí àṣírí yìí bá jáde, òyìnbó wo ni yóò tún fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀? Ó tún rántí bọ́tìnnì. Ẹni tó bá tẹ àmì ìjọba sí abẹ́ kòkòrò ìgbẹ́, ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Ó dákẹ́!" Mumtaz Efendi kígbe. "Hilmi, kọ ọ́ sílẹ̀: ó dákẹ́ ní ohùn rara!"

Wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹrù lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ní àkókò yìí, ọlọ́lá kan láti Káírò, Sabri Pasha, wà ní Luxor, ó wá yá oòrùn nítorí eegun tó ń dùn ún. Ẹnu Pasha yìí ni ọba ń gbọ́ lórí ẹni tí yóò di Bey. Mumtaz Efendi ti fi wáyà pè é síbi àsè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀: ọba tuntun, olè tó jí i, àti oúnjẹ. Òfin wá ń jáde bí eérú láti ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí gbogbo ewúrẹ́ wẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kun ilé ní ẹfun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí Pasha yóò rí nìkan. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti dárúkọ Ọba Oníràwọ̀ Mẹ́ta, kí ọkùnrin gbọn orí, kí obìnrin sọkún, kí ẹni tí omijé kò bá wá fún rẹ ojú rẹ̀ sínú àlùbọ́sà. Wọ́n sì ní kí ẹyẹ tó sanra jù lábúlé yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Ọlọ́dẹ ló wá mú Sultan. Nabawiyya fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

"Tòlótòló yìí kì í ṣe jíjẹ!"

"Kí ló dé? Ṣé ó ń kírun ni?"

"Mo ní kì í ṣe jíjẹ! Òṣìṣẹ́ ni!"

"Òṣìṣẹ́ ni Bey náà, ìyá. Òṣìṣẹ́ á jẹ òṣìṣẹ́. Ó tún ní kí ẹ wá dáná, nítorí wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ nǹkan kì ní ìrẹsì tó yín."

Nígbà tí Nabawiyya ń lọ síbi ìdáná, ó yà sí ojú fèrèsé yàrá ẹrù.

"Bàbá Ratiba."

"Ìyá Ratiba. O ti jẹun?"

"Ìwọ tí wọ́n tì mọ́lé lò ń bi mí bóyá mo jẹun. Wọ́n ti mú Sultan."

Dardir di irin fèrèsé mú. "Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀?"

"Mẹ́ta. Èyí tí mo fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú ọ. Àti bọ́tìnnì ìgbéraga yẹn, kò tíì jáde síbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn."

"Kí lo máa sọ? Pé ọba Bey gba ìdí tòlótòló jáde? Wọ́n á tì ọ́ mọ́ mi. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ gbọ́, iṣẹ́ wa tán nìyẹn. Bàbá mi..."

"Bàbá rẹ kò ní bá ọ fọ́ òkúta, Dardir."

Kì í pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Búra fún mi pé o ò ní sọ," Dardir wí.

"Mo fi Ọlọ́run búra, ẹnu mi kò ní sọ nǹkan kan."

Ó fa ìborí rẹ̀ wálẹ̀, ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹnu rẹ̀ ló búra. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Hilmi lo gbogbo oríkì ìdílé rẹ̀ tán lórí bọ́tìnnì mẹ́jọ, ó tún yá díẹ̀. Sabri Pasha dé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń fi ọ̀pá rìn, òrùka yímíyímí búlúù kan sì wà ní ìka rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó. Dókítà Luxor jókòó tì í, pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá mẹ́rin mìíràn. Wọ́n mú Dardir wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fi í dúró ti ògiri bí àga tó ti kán. Wọ́n tẹ́ yímíyímí mẹ́wàá sórí aṣọ pupa. Sultan wà láàárín òkìtì ìrẹsì, ó pọ́n, ó ń tàn, àyà rẹ̀ ṣì yọ síwájú.

Mumtaz Efendi dìde. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó sọ bí wọ́n ṣe bí Ọba Oníràwọ̀ Mẹ́ta, bí ó ṣe ṣẹ́gun àwọn ará òkè òkun, orúkọ ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó fẹ́ràn jù, àti bí ó ṣe fẹ́ràn òtítọ́. Níbo ló ti rí gbogbo èyí? Lábẹ́ kòkòrò tí kò ju èso ẹ̀wà ńlá lọ. Nígbà tó dé ibi ikú ọba, ó sọkún. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sọkún pẹ̀lú, nítorí àlùbọ́sà wà nílẹ̀.

"Mumtaz Efendi," Pasha wí jẹ́jẹ́, "o ò ṣe sin òkú náà kí oúnjẹ tó tutù?"

Efendi! Ó dún bí ìfọ́tí, ṣùgbọ́n Mumtaz gbé e mì. Ó mọ ohun tó kù. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún àlejò, ó sì mú iwe Sultan, tí wọ́n ti kì ní ìrẹsì tí wọ́n sì rán, tó jókòó lórí òkìtì bí adé.

Ibẹ̀ ni Dardir ti rí òwú náà. Òwú ọ̀gbọ̀ búlúù ni, èyí tí Nabawiyya fi ń sín ońdè, ó sì ta kókó rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ta á, lẹ́ẹ̀mejì sọ́wọ́ òsì.

"Iwe, Pasha. Ti ẹni tó tóbi jù ni."

"Eyín mi kò dára. Ìwọ ni kí o jẹ ẹ́."

"Wáláhì, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́!"

"Wáláhì, ìwọ ni."

"Èmi? Èmi erùpẹ̀ abẹ́ bàtà yín? Kí ọwọ́ mi rọ bí mo bá jẹ ẹ́!"

"Kí tèmi náà rọ."

Àwọn tó jókòó ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Mumtaz Efendi rí i pé ìwé oyè ń bọ́ lọ mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí iwe ẹyẹ. Ó na ọwọ́ sókè, ó yọ ìbúra tó ga jù lọ tí ọkùnrin ilẹ̀ wa ní nídìí oúnjẹ:

"Bí ẹ̀yin Pasha kò bá jẹ iwe yìí lónìí, kí ìyàwó mi di ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta!"

Nǹkan kan já bọ́ lẹ́yìn ìbòjú níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí.

Pasha mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kí ọmọlọ́mọ má baà sùn sílé bàbá rẹ̀ nítorí iwe, gé e sí méjì, kí a jọ jẹ ẹ́."

Mumtaz Efendi mú ọ̀bẹ. Ó gé e.

Kàń!

Ó tún gé e. Òwú tú. Yímíyímí kan yí jáde sórí ìrẹsì. Èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta náà jáde. Lẹ́yìn wọn ni ohun pẹlẹbẹ kan yọ, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta lórí àwo bí owó tí wọ́n sọ sílẹ̀, ó sùn.

Sabri Pasha wọ awò ojú. Ó fi búrẹ́dì nu ọ̀kan nínú àwọn yímíyímí náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn mẹ́wàá orí aṣọ pupa. Wọ́n jọra bí ìbejì.

"Mumtaz Efendi, tòlótòló yìí, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Pasha... ẹyẹ yìí... ó ní láti jẹ́ ìran àwọn tòlótòló ààfin! Ẹyẹ tí Ọba Oníràwọ̀ Mẹ́ta fi ohun ìṣúra rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, tí bàbá ń fà á lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran..."

"Inú iwe?"

"Wọn kì í da ọ̀gá wọn, Pasha!"

"Ọgbọ́n tó dá odò Náílì dúró," Hilmi wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Pasha mú ohun pẹlẹbẹ náà, ó rí ihò tí òwú ń gbà lẹ́yìn rẹ̀. "Bọ́tìnnì nìyí. Ṣé ọba rẹ ń wọ kóòtù?"

Òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà pupa. "Ó... ó gbọ́n ju ìgbà ayé rẹ̀ lọ, Pasha."

Pasha wo abẹ́ yímíyímí: òṣùpá kan, ìràwọ̀ mẹ́ta. Ó wo bọ́tìnnì: òṣùpá kan, ìràwọ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo àyà Mumtaz Efendi. Ti bàbà, ti bàbà, ti bàbà, dúdú kan, ti bàbà. Gbogbo ojú tó wà nínú yàrá gba ọ̀nà kan náà lọ.

"Wo àyà rẹ."

Ó gbìyànjú. Ọrùn kóòtù le, àgbọ̀n rẹ̀ kò lè kọjá bọ́tìnnì òkè. Ó yí ojú wálẹ̀ títí funfun rẹ̀ nìkan fi kù.

"Mi ò rí nǹkan kan, Pasha."

"Mo gbà," Pasha wí. Ó yí sí ògiri. "Ìwọ. Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Pasha. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń sọ ọ́."

"Báwo ló ṣe gbó?"

Dardir wo ẹnu ọ̀nà ìdáná. Nabawiyya dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ olóròóró, ó pa ẹnu mọ́ pinpin. Ó mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Ẹnu Dardir ló kù. Ó ro ọdún mẹ́wàá nínú kòtò òkúta. Ó ro bàbá bàbá rẹ̀. Ó wá rò pé àwọn òkú kò níyàwó tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tòlótòló ni, Pasha," ló wí. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀wà rírẹ, àtàǹpàkò, ọjọ́ mẹ́ta, ìwẹ̀, àti bọ́tìnnì tó fò já.

Bí ó ṣe ń sọ ọ́, dókítà Luxor, tó ti fi yímíyímí kan kọ́ ẹ̀wọ̀n aago rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, tó sì máa ń sọ pé láti àyà ayaba kan ni wọ́n ti yọ ọ́, ń tú u kúrò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Pasha bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá rẹ náà ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pasha. Ní Luxor ló ń tà á."

"Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Ó ní tòlótòló?"

"Mẹ́rin, Pasha."

Sabri Pasha yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí yímíyímí rẹ̀ fi wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ó pa ọwọ́ dé.

"Ẹ tú ọkùnrin yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòlótòló kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí, nítorí ire orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí a jẹun."

Wọ́n jẹun. Wọ́n jẹ Sultan tán, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iwe. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bi sheikh abúlé, ó ní ìbúra ti ṣẹ, ìkọ̀sílẹ̀ ti dúró. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní ìyàwó Mumtaz Efendi ti di ẹrù rẹ̀ kí wọ́n tó gbé tíì jáde, ó sì ti ránṣẹ́ sí sheikh kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìwé dé láti Káírò. Kì í ṣe ìwé oyè. Wọ́n ní kí Mumtaz Efendi lọ sí àárín aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, níbi kànga kan, kí ó máa ka igi dábínù ìjọba. Ọ̀gá tuntun dé lọ́jọ́ kejì. Hilmi dè é ní bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ojú tó ń ṣọ́ àwọn Fáráò, ọgbọ́n tó dá odò Náílì dúró. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Mumtaz Efendi ń lọ, Dardir wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, ó ń lọ ra tòlótòló ní ọjà Luxor, apẹ̀rẹ̀ òfìfo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ odò tutù. Kóòtù ọ̀gá àná ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹni tí yóò dè é. Ó gbìyànjú. Ó fi bọ́tìnnì kẹta sínú ihò kejì, ó tú u, ó tún ṣì í fi sí ìkẹrin. Nígbà tí ìka rẹ̀ kò rí ọ̀nà, ó tẹ orí ba, ó wò.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa òṣùpá tó wà lára bọ́tìnnì náà. Ó pa ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì bọ́ sórí bọ́tìnnì tó tẹ̀ lé e.

"Gbogbo wọn ni," ló wí.

"Gbogbo wọn ni," Dardir dáhùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bọ́tìnnì tó kù jáde. Pasha fi í sílẹ̀ lórí àwo, Nabawiyya sì fọ̀ ọ́. "Tiyín nìyí. Mo ti fẹ́ dá a padà látọjọ́ yìí."

Mumtaz Efendi gbà á. "Ṣùgbọ́n Dardir, ìlà ìyẹ́ yẹn. Mi ò parọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tó ní sùúrù ni."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí." Dardir wo omi. "Ó dùn mí pé ẹ̀yin ni."

Bọ́tìnnì náà ti lo oṣù kan nínú iwe. Dídán rẹ̀ ti lọ, etí rẹ̀ ti jẹ, àwọ̀ ilẹ̀ ti wọ inú ìràwọ̀ rẹ̀. Mumtaz Efendi gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn padà wọ ojú rẹ̀.

"Wo bí ó ṣe gbó! Ẹni tí kò bá mọ̀, á ní Fáráò ló wọ̀ ọ́."

Ọkọ̀ kan èbúté gbì. Dardir gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ohun tó bá já lára ìjọba kì í pẹ́ gbó, Efendi," ló wí, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ sí ọjà.